Ọmọ wa Mùsùlùmí wà ní yunifásítì àwọn Lutheran ní Minnesota: báwo ni yóò ṣe rí ẹgbẹ́ bá rìn?

Alhaji Mọ́lípa, Ìjẹ̀bú-Òde, béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo gbé wá síwájú yín, nítorí ó dá mi lójú pé a kò ní ṣàì rí ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá láàárín yín. Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó yege dáadáa, yunifásítì kan tí àwọn ọmọ ìjọ Lutheran dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà sì gbà á wọlé, wọ́n tún bá wa gbé apá tó pọ̀ nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 yìí ló lọ. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí n kò wá fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ìdílé Mùsùlùmí ni wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wọ́pọ̀ ní Ìjẹ̀bú, a ní àbúrò bàbá tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, a sì jọ ń ṣọdún Iléyá àti ọdún Kérésìmesì ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló kọ́kọ́ ń bà mí lẹ́rù. Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé nígbà kan rí, ọmọ tó bá jẹ́ Ràímì nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì lè di Raymond kó tó jáde, ìbẹ̀rù yìí sì wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ bí Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Ọmọ mi ní kò sí ẹni tó fi dandan mú òun wọ ilé ìsìn wọn. Ohun mìíràn ló wá ń dùn ún báyìí: ó dá nìkan wà. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òun lójú ọ̀nà, tí wọ́n á béèrè àlàáfíà òun, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró gbọ́ èsì. Bó bá ti kúrò ní kíláàsì, yàrá rẹ̀ ló kù. Ẹja àti ẹ̀fọ́ nìkan ló ń jẹ ní ilé oúnjẹ wọn, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe pa ẹran tí wọ́n ń sè.

Ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ránṣẹ́ sí wa kí ó tó lọ kún fún ọ̀rọ̀ nípa ìgbé-ayé àjùmọ̀gbé àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú gbogbo àgbáyé, àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ló sì kún inú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jẹ́ gan-an ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Irú ìjọ wo tilẹ̀ ni Lutheran, tí n kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn kan ṣoṣo láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó? Kí ni ọmọ tí kì í ṣe ti ìjọ wọn lè ṣe tí wọn yóò fi kà á mọ́ ara wọn? Ìsinmi oṣù Kejìlá sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fisà tí wọ́n fún un wúlò fún láti wọlé, nítorí náà bó bá wá sílé, ó di dandan kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn kí ó tó lè padà. Níbo ni yóò wà ní àkókò náà?

Olùkọ́ kan ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ fèsì pé:

Alhaji, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Ìlíṣàn, ó sì jọ pé ohun tí a mọ̀ nílé ló dá ìbẹ̀rù yín sílẹ̀. Bí a bá dárúkọ yunifásítì ìjọ ní Rẹ́mọ, Babcock ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ìjọ Adventist ló ni ín, láti ìgbà tó ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní ọdún 1959 títí tó fi di yunifásítì ní ọdún 1999. Dandan ni ìsìn níbẹ̀, ilé oúnjẹ wọn kì í se ẹran, bí Sábáàtì bá sì wọlé, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òfin ilé ni, ọ̀pọ̀ òbí ló sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Lutheran ní Amẹ́ríkà gbà yàtọ̀. Ní St. Olaf, ní ìlú Northfield ní Minnesota níbẹ̀, ìsìn wà lójoojúmọ́ tí kíláàsì bá ń lọ, kì í pẹ́, ẹni tó bá wù ló sì ń lọ. N kò sọ pé gbogbo wọn ló rí bákan náà o. Ẹ̀ka méjì tó tóbi nínú ìjọ Lutheran ní Amẹ́ríkà ni Sínódù Missouri àti ELCA, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ Sínódù Missouri sì máa ń di ẹ̀kọ́ ìjọ mú ju àwọn tó so mọ́ ELCA lọ.

Ohun tó fà á ni pé inú yunifásítì ni ìjọ yìí ti ṣẹ̀. Olùkọ́ ni Martin Luther, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọ náà, ní Yunifásítì Wittenberg ní Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1502, nígbà tó gbé àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ̀lú ìjọ Kátólíìkì síta ní ọdún 1517, ó sì ń kọ́ni pé ìpè Ọlọ́run ni iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ bàtà ríran bí iṣẹ́ àlùfáà ṣe jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Nítorí èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn fi lè kọ́ Mùsùlùmí ní ìmọ̀ ìtọ́jú aláìsàn láìwá ọ̀nà láti rì í bọmi, tí wọ́n á sì gbà pé iṣẹ́ ìjọ ni àwọn ṣe yẹn.

Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè náà ti wà kí ìwé ìpolówó tó dé. Wittenberg yẹn ni Mikael Agricola láti Finland ti kàwé kó tó padà sílé lọ tú Májẹ̀mú Titun sí èdè wọn, tó jáde ní ọdún 1548, irú iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wá ṣe fún èdè tiwa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọdún 1534, díákónì kan tó ń jẹ́ Michael rin ìrìn àjò láti Etiópíà dé ọ̀dọ̀ Luther, àwọn méjèèjì sì jọ jókòó sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Igba ọdún géérégé lẹ́yìn náà, ní ọdún 1734, Anton Wilhelm Amo, ẹni tí wọ́n bí ní Axim ní ilẹ̀ Ghana òde òní, kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé ní Wittenberg kan náà, ó sì kọ́ni ní Halle àti ní Jena. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í fẹ́ gba ti Amo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà wà: wọ́n padà fi í ṣe ẹ̀sín ní gbangba, ó sì fi Jámánì sílẹ̀ lọ sí ilé. Kí wọ́n gba èèyàn sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀tọ̀, kí wọ́n gbà á sáàárín ara wọn jẹ́ ọ̀tọ̀, láti ayé Amo ni ọ̀rọ̀ yìí sì ti wà.

Ní ti pé ẹ kò rí wọn ní Ìjẹ̀bú, ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni wọ́n gbà wọ Nàìjíríà. Míṣọ́nnárì láti Denmark ló mú ìjọ náà dé Numan, ní ìpínlẹ̀ Adamawa òde òní, ní ọdún 1913. Ẹ̀ka kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1936 ní Ibesikpo lẹ́bàá Uyo, àwọn ará ibẹ̀ ló sì lọ pè wọ́n wá: wọ́n rán ọmọ wọn, Jonathan Udo Ekong, lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé kí ó sì bá wọn wá ìjọ tí yóò rán olùkọ́ sí wọn. Ní àkókò tí à ń wí yìí, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì ti pín ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ láàárín ara wọn.

Ọmọ Ìpẹru ní Minnesota fèsì pé:

Bàbá wa, ẹ kú àárò ọmọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní ìpínlẹ̀ yìí, irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti jáde. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ nípa ẹ̀rín músẹ́ yẹn. Ìwà pẹ̀lẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn ará ibí, wọ́n á bá ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ti mọ́tò kúrò nínú yìnyín, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè pe èèyàn wọlé, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló ti ní ọ̀rẹ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì jọ wá sí yunifásítì. Àlejò tó bá jókòó sí yàrá kí wọ́n wá kanlẹ̀kùn fún òun lè jókòó títí yóò fi gboyè.

Ní Ìjẹ̀bú, ẹgbẹ́ ń dúró de ọmọ ni. Ọdún tí wọ́n bí i ló ti sọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí yóò bá jó dé iwájú ọba ní Ojúde Ọba, yálà ó fẹ́ràn wọn tàbí kò fẹ́ràn wọn. Níbí, èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ọjọ́ kan wà tí gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń to tábìlì síta tí wọ́n á máa gba orúkọ. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ mọ́ ọmọ yín lọ́wọ́, kí ó fi lẹ́tà íntánẹ́ẹ̀tì kàn sí wọn nísinsìnyí, inú wọn yóò dùn. Kí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti rí ẹni tí àwàdà rẹ̀ yóò yé. Ṣùgbọ́n kí ó má fi mọ síbẹ̀. Ohun tó ran èmi lọ́wọ́ jù lọ ni iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fisà F-1, ìyẹn fisà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, láàyè láti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ kò lè máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí yín kí ó sì kọjá lọ. Ó di dandan kí ẹ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àlùfáà ilé-ẹ̀kọ́, nítorí mo mọ̀ pé òun gan-an ni ọmọ Mùsùlùmí máa ń sá fún. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ọ́fíìsì rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ yàrá tí àwọn Mùsùlùmí ti ń kírun àti ẹni tó ní mọ́tò tí yóò gbé wọn lọ kí Jímọ̀. Òun náà ló máa ń bá àwọn alásè sọ̀rọ̀ kí wọ́n di oúnjẹ sààrì fún aláàwẹ̀ láti alẹ́, torí pé ilé oúnjẹ kì í ṣí ní ìdájí. Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, inú oṣù Kejì ọdún 2026 ni yóò bẹ̀rẹ̀, inú òtútù tó le gan-an. Kí ọmọ yín ti lọ bá wọn láti ìsinsìnyí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá jìnnà sí Minneapolis, wàhálà ẹran ti tán, nítorí àwọn ọmọ Sòmálíà pọ̀ níbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ẹran halal wọn kò lóǹkà. Agbègbè Cedar-Riverside tí wọ́n pọ̀ sí ni Yunifásítì Augsburg wà, Lutheran sì ni Augsburg. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Minneapolis di ìlú ńlá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fàyè gba mọ́sáláṣí láti máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe ìrun ní ìgbà márààrún lójúmọ́.

Kí ẹ má bàa rò pé gbogbo nǹkan ló ti tò tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ wo Yunifásítì Valparaiso ní ìpínlẹ̀ Indiana, tí àwọn Lutheran rà ní ọdún 1925. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, “Crusaders” ni wọ́n ń pe àwọn eléré ìdárayá wọn, ìyẹn orúkọ àwọn jagunjagun tó fi àgbélébùú sí aṣọ lọ bá Mùsùlùmí jà. Àwọn fúnra wọn ló jiyàn lé e lórí, kì í ṣe kékeré, títí tí wọ́n fi pa orúkọ náà tì ní ọdún 2021 tí wọ́n sì mú “Beacons”. Ìjọ tó lè bá ara rẹ̀ jiyàn báyìí, ẹ lè bá a sọ̀rọ̀.

Ní ti oṣù Kejìlá, kí ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè lọ́sẹ̀ yìí. Kí ó bi wọ́n bóyá ilé tó ń gbé yóò ṣí sílẹ̀ àti bóyá ilé oúnjẹ yóò ṣí pẹ̀lú, nítorí àwọn nǹkan méjèèjì kì í fi ìgbà gbogbo lọ pọ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń kó gbogbo àwọn tí kò lọ sílé sí ilé kan ṣoṣo kí wọ́n lè máa sè fúnra wọn, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ ti máa ń wọra jù. Kí ó tún béèrè nípa ìdílé olùgbàlejò: àwọn ará ìlú tó máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ kan bí ọmọ, tí wọ́n á pè é wá jẹun ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ (ọdún Thanksgiving tí wọ́n ń ṣe ní ìparí oṣù Kọkànlá), tí wọ́n á sì gbé e lọ ra ẹ̀wù òtútù.

Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó fèsì pé:

Alhaji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ méjì ló wà ní òkèèrè lọ́wọ́ tèmi, mo sì ti kíyè sí i pé àwa òbí náà wà lára ohun tó ń ti ọmọ mọ́ yàrá. Aago mélòó lẹ máa ń pè é? Ní ìgbà òtútù, Minnesota fi wákàtí méje wà lẹ́yìn wa. Bí ẹ bá pè é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, lẹ́yìn ìṣáì, aago méjì ọ̀sán ló lù lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìyẹn àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jáde kúrò ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pinnu ibi tí wọ́n jọ máa lọ. Òun á gbé fóònù, á wọ yàrá lọ, á máa fi oko àti ilé bá yín sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí yóò fi jáde, wọ́n ti lọ.

N kò sọ pé kí ẹ má pè é o. Òpin ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ sọ ọ́ dà, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò yan àkókò. Àti pé, ẹ dákun, ẹ má máa bi í ní gbogbo ìgbà bóyá wọ́n ti mú un lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ń bọ̀ yóò sá fún gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti ń pè é, kí ó má bàa di pé ó ní àlàyé ṣe.

Alhaji Mọ́lípa fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá, aago mẹ́sàn-án yẹn gan-an ni; mo ti sọ fún un pé kí ó yan ọjọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí mo ka èsì yín sí i létí, ó wá jẹ́wọ́ pé ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ti pè é sí ilé àwọn òbí rẹ̀ fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ó sì tún ní kí ó bá òun lọ sí ibi orin Kérésìmesì ńlá tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn máa ń ṣe. Kò tíì dá a lóhùn. Ohun kejì ni pé wọ́n ti ń polówó ìrìn àjò ẹ̀kọ́ sí Tanzania fún oṣù Kìíní ọdún 2027, ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì wù ú gan-an. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n á gba Amẹ́ríkà mú ọmọ Ìjẹ̀bú wá sí Áfíríkà. Kí ni ìtumọ̀ irú ìbáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé ó sì yẹ kí ó lọ?

Ará Ṣágámù ní Arúṣà fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, Tanzania ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà èmi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Yunifásítì àwọn Lutheran wà níbí pẹ̀lú, ní Makumira lẹ́bàá Arúṣà àti ní Iringa, ìjọ Lutheran ti Tanzania sì wà lára àwọn tó tóbi jù lọ lágbàáyé. Ti Etiópíà, ìjọ Mekane Yesus, tilẹ̀ ní ọmọ ìjọ tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá ń rò pé ìjọ òyìnbó ni Lutheran, ẹ wá wo ibi tí èrò wà. Àwọn ìjọ Lutheran ní agbègbè Saint Paul ní Minnesota ti ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn ìjọ Iringa láti ìgbà pípẹ́, “Bega Kwa Bega” ni wọ́n ń pè é ní èdè Swahili, ìyẹn èjìká sí èjìká. Ìjọ kan níbẹ̀ á mú ìjọ kan níbí, wọ́n á máa bẹ ara wọn wò, wọ́n á máa ran ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ọ̀nà tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti là sílẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Minnesota ń gbà wá síbí.

Ìbáṣepọ̀ wọn jìn ju ti ìwé ìpolówó lọ, n kò sì fẹ́ kí a fi ojú kékeré wò ó. Àwọn ọmọ Norway tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ló dá Augsburg sílẹ̀ ní ọdún 1869 àti St. Olaf ní ọdún 1874, àwọn ọmọ Sweden ló dá Gustavus Adolphus sílẹ̀ ní ọdún 1862. Àlejò ni àwọn tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn, èdè abínibí wọn ni wọ́n sì ń fi gbàdúrà. Ní ọdún 1984, Àjọ Ìjọ Lutheran Àgbáyé jókòó ní Budapest, wọ́n sì dá ìjọ àwọn aláwọ̀ funfun méjì ní gúúsù Áfíríkà dúró nítorí pé wọn kò kọ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà sílẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Lutheran ní Amẹ́ríkà tún gba àwọn ọmọ Namibia láti wá kàwé nígbà tí South Africa ṣì gun orílẹ̀-èdè wọn lórí, kí ó tó gba òmìnira ní ọdún 1990. Ọmọ Nàìjíríà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Musa Panti Filibus ti ìjọ Numan, ló sì jẹ́ ààrẹ àjọ àgbáyé náà láti ọdún 2017 sí 2023. Saint Paul ní Minnesota ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn ni pé ìbáṣepọ̀ náà máa ń tètè di àfihàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á fi alẹ́ kan lọ́dún ṣe ayẹyẹ orílẹ̀-èdè gbogbo, ọmọ Nàìjíríà á wé gèlè, á se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ náà sì tún padà sí yàrá rẹ̀. Àwọn tó ń wá sí Arúṣà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn lè lọ sórí kí wọ́n lọ wo kìnnìún ní Serengeti, kí wọ́n má sì mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ Makumira kan ṣoṣo. Ọmọ yín lè ṣe àǹfààní nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, nítorí ojú tó máa fi wo ọjà níbí kò lè jẹ́ ojú tiwọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibí á sì bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ lórí fisà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ fisà tí wọ́n bá fún ọmọ Nàìjíríà kò ní ju ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan lọ, láàárín oṣù mẹ́ta. Fisà tí ọmọ yín fi wọlé ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó lè máa gbé níbẹ̀ nìṣó níwọ̀n ìgbà tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ṣì péye, ṣùgbọ́n bó bá fi ẹsẹ̀ kan jáde wá sí Tanzania, ọ̀nà àtipadà di ọ̀rọ̀ fisà tuntun, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kàn fi ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà wọn kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń polówó ìrìn àjò náà má rò ó débẹ̀. Kí ọmọ yín má san owó ìdápadà-kò-sí kankan títí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè yóò fi kọ èsì fún un lórí ìwé. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó bèèrè irú ìrìn àjò oṣù Kìíní tó wà nínú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní i.

Ọmọ Ìpẹru ní Minnesota tún fèsì pé:

Ará Ṣágámù ti sọ ọ̀rọ̀ fisà tán, n kò ní fi kún un. Ti ìpè méjèèjì ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé wọn kì í tètè pe èèyàn wọlé níbí. Ẹni tó bá wá pè yín, ó ti rò ó dáadáa, bí ọmọ náà bá sì dákẹ́, wọ́n á gbà pé kò fẹ́ ni, wọn kò ní tún pè é. Orin Kérésìmesì yẹn, àṣà ńlá ni ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Lutheran, ti St. Olaf ti wà láti ọdún 1912, àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́ ọ, tàwọn ti ẹ̀wù onírun àgùntàn Norway lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà nínú orin náà o, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ìjókòó gbọ́ ni ti olùgbọ́. Bí kò bá wù ú, kí ó kọ èyí, kí ó sì gba ti oúnjẹ.

Ní ti oúnjẹ náà, tòlótòló ni wọ́n máa ń yan, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì lè wà lórí tábìlì pẹ̀lú. Kí ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣáájú pé òun kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti pé ẹran tí wọ́n pa ní ìlànà Mùsùlùmí nìkan lòun ń jẹ, kí ìyá ilé má bàa rò pé oúnjẹ òun ni kò dùn. Ọ̀dùnkún, ẹ̀wà tútù, búrẹ́dì àti àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi elégédé ṣe yóò kárí i, kí ó ṣáà béèrè bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú èyí tó kẹ́yìn. Kí ó gbé nǹkan kékeré dání lọ. Bí gààrì Ìjẹ̀bú bá ṣẹ́ kù nínú àpótí rẹ̀, ó dára, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi bí a ṣe ń mu ún hàn wọ́n, torí mo mọ ìdílé kan tó dà á sínú ọbẹ̀.